Èló ni ọ̀gá NGO yẹn ń gbà, ta ló sì bu owó náà fún un?

Tí ọ̀rọ̀ NGO, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, bá ti délẹ̀ láàárín àwa ará Èkó, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi sọ pé olè ni gbogbo wọn, pé owó aláìní làwọn ọ̀gá ibẹ̀ fi ń ra jíìpù, pé ẹ wo ilé tí lágbájá kọ́ sí Lẹ́kí. Ẹlòmíì á ní ẹni tó bá lóun fẹ́ ṣàánú, kó lọ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń gbowó oṣù fún. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe akáǹtì ní NGO, Yábàá níbí ni ọ́fíìsì wa wà, ọwọ́ mi ni ìwé owó oṣù máa ń gbà kọjá kó tó dé báńkì, mo mọ iye tí ọ̀gá ń gbà mo sì mọ iye tí ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń ká mi lára tí mo bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe pé ọ̀gá ń gbowó ló burú. Ohun tó burú ni pé àwa tí à ń dá owó náà ò mọ iye tó ń gbà, a ò sì mọ àwọn tó jókòó tí wọ́n ní iye báyìí ni ká máa fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ná, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti wà lákọsílẹ̀. Lọ́hùn-ún, tí ìjọba bá ti ní kí ẹgbẹ́ ńlá kan má san owó orí torí pé iṣẹ́ àánú ló ń ṣe, dandan ni kó máa kọ fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní Form 990 ránṣẹ́ sí IRS, ìyẹn àwọn agbowó orí wọn, lọ́dọọdún (wọn ò fi dandan mú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì). Nínú fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n á to orúkọ àwọn ọmọ bọ́ọ̀dù (ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́) àti àwọn ọ̀gá pátápátá, wọ́n á kọ iye tí kálukú gbà síwájú orúkọ ẹ̀, wọ́n á tún mú òṣìṣẹ́ márùn-ún míì tówó wọn pọ̀ jù kún un. Kì í ṣe ìwé àṣírí, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè fún un, àwọn oníròyìn ProPublica sì ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé èèyàn tó jókòó sínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà, tí dátà bá ṣáà ti wà lórí fóònù ẹ̀, lè mọ iye tí ọ̀gá ẹgbẹ́ aláàánú kan ní New York gbà lọ́dún kan gbáko, ṣùgbọ́n kò lè mọ iye tí ọ̀gá NGO tó wà ní ojúlé kejì sílé ẹ̀ ń gbà. Kíní yìí ò bójú mu rárá.

Àwọn iye tó wà nínú ìwé yẹn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ èèyàn lójú o. Kaiser Permanente, tó ní ọsibítù tó tún ń ta ìnṣọ́ránsì ìlera, ẹgbẹ́ tí kò sí fún èrè ni wọ́n kà á sí lábẹ́ òfin, ọ̀gá wọn Bernard Tyson gbà tó mílíọ̀nù 16 dọ́là lọ́dún 2017. David Miliband, tó ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè nílùú Ọba rí kó tó di ọ̀gá International Rescue Committee ní 2013, nígbà tó fi máa di 2018 owó ẹ̀ lọ́dún ti kọjá $900,000. Bẹ́ẹ̀ IRC yìí kan náà ló ń bá àwọn tí ogun Boko Haram lé kúrò nílé ní Borno ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ tó jìnnà sí wa. Gail McGovern tó di ọ̀gá Red Cross ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, nǹkan bíi $500,000 ni wọ́n ń san fún un lọ́dún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wá wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí wọ́n kéde lọ́dún 2024, ₦85,000, mílíọ̀nù kan náírà àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ló máa kó jọ láti January dé December. Ẹ ṣẹ́ $900,000 sí náírà ní 1,500, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Tí mo bá dúró síbí, mo mọ̀ pé olè lẹ̀yin náà máa ní wọ́n jẹ́.

Ẹ fara balẹ̀. IRC ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó ju 40 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ibi tí ìbọn ti ń dún. Red Cross Amẹ́ríkà ló ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ táwọn ọsibítù ibẹ̀ ń lò, tí iṣẹ́ yẹn bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀, èèyàn ló máa kú. Ká ní ilé iṣẹ́ tó tóbi tó báyìí, bíà tàbí síga ló ń tà, kò sẹ́ni tó máa bi ọ̀gá ibẹ̀ pé èló ló ń gbà, àdúrà la ó máa gbà pé kọ́mọ wa ríṣẹ́ síbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Dan Pallotta, tó máa ń ṣètò ìrìn kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn láti fi kówó jọ nítorí àrùn éèdì, ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nìyí, pé gbogbo nǹkan là ń fowó gidi wá èèyàn gidi sí àfi ọ̀rọ̀ àwọn tálákà, tó bá ti kan ìyẹn a ó ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo gbà pé òótọ́ pọ̀ níbẹ̀ torí mo ti fojú mi rí i. Obìnrin kan wà lọ́fíìsì wa tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ bí ẹni mowó, òun ló máa ń lọ yẹ prójẹ́ẹ̀tì wò bóyá ohun tá a kọ síwèé ló wà nílẹ̀, báńkì kan ní VI fi owó tó ju ìlọ́po méjì tiwa lọ pè é, ó sunkún lọ́jọ́ tó máa lọ, ọmọ méjì ló ní, lańlọ́ọ̀dù ẹ̀ ní Súrùlérè sì ti fowó lé owó ilé. Ta ló fẹ́ bá a wí? Àwọn tó ń ní kéèyàn máa fi ọkàn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, wọn ò rò ó pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tí bàbá wọn ti lówó sílẹ̀ nìkan ló máa kù tó lè ṣiṣẹ́ àánú.

Ibi témi àtàwọn tó ń gbèjà owó ńlá yìí ti pínyà ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé orí iye yẹn. Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Bọ́ọ̀dù á gba kọnsọ́táǹtì, ìyẹn ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó lè gbà wọ́n nímọ̀ràn, kọnsọ́táǹtì á kó iye táwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ míì tó tóbi tó tiwọn ń gbà wá, á tò ó látorí èyí tó kéré jù dórí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ wá sọ fún mi, bọ́ọ̀dù wo ló máa jókòó tó máa ní ọ̀gá tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ mọṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fún un ní ti ìsàlẹ̀? Kò sí. Kálukú á mú iye tó ga díẹ̀ ju ti àárín lọ. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, iye tí gbogbo wọn mú sókè yẹn náà ni kọnsọ́táǹtì míì á tún kó jọ, àárín fúnra ẹ̀ á ti gòkè, wọ́n á tún gun orí ẹ̀. Bó ṣe ń ga nìyẹn lọ́dọọdún, láìsí olè kankan nínú yàrá náà, gbogbo wọn á sì fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Ní ti ọsibítù ńláńlá, wọ́n á ní tá ò bá san iye báyìí, àwọn oníṣòwò á já ọ̀gá wa gbà. Ó dáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iye tí oníṣòwò ń gbà lẹ̀yin náà máa gbà, kí ni ìjọba ṣe ní kẹ́ ẹ má san owó orí? Ìbéèrè yẹn ni mi ò tíì rẹ́ni dá mi lóhùn dáadáa sí. Òfin owó orí tuntun tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2017 gbìyànjú díẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ tó bá san ju mílíọ̀nù kan dọ́là fún ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tówó wọn pọ̀ jù, kó san ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó fi lé. Àwọn ọsibítù ńlá ń san owó orí yẹn, wọ́n sì ń bu owó ọ̀gá wọn bí wọ́n ṣe ń bu ú tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àwa mọ bó ṣe yẹ kí nǹkan yìí rí kó tó di pé wọ́n bí wa. Ṣómólú ni mò ń gbé, gbogbo yín lẹ ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé orí ẹnì kan pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tó gbàjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tó tún dá owó oníkálukú padà láìṣì í. Ṣé ọ̀fẹ́ lalájọ ń ṣe é ni? Rárá o. Ẹni tó bá ń dá igba náírà lójúmọ́ mọ̀ pé tóṣù bá parí, igba náírà ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, ìyókù tòun. Kò sí ìyá ọlọ́jà tó máa pè é lólè torí ìyẹn, torí kó tó jókòó sídìí ẹ̀ ló ti mọ̀, iye náà kan gbogbo wọn bákan náà, alájọ ò sì lè dìde lọ́jọ́ kan kó ní láti oṣù yìí lọ ọjọ́ méjì lòun á máa mú, láìjẹ́ pé gbogbo ọjà gbọ́. Ṣóòbù sí ṣóòbù ló máa fẹsẹ̀ rìn lọ ṣàlàyé. Ohun tí mò ń wá lọ́wọ́ NGO ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀gá tó ti ṣubú, ẹ máa rí i pé owó oṣù tó wà lákọsílẹ̀ kọ́ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn ṣubú. William Aramony ló darí United Way ti Amẹ́ríkà láti 1970, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé owó kékeré kékeré tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ àánú, ẹ ronú ẹ̀ wò, owó mẹkáníìkì, owó akọ̀wé. Nígbà tó máa di 1992 ìwé ìròyìn tú u síta pé ó ń wọ Concorde, ọkọ̀ òfuurufú olówó gọbọi, rìn, pé ó ń fowó ẹgbẹ́ ṣe fàájì, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù ẹ̀ nígbà yẹn ń lọ sí $390,000 lọ́dún, ó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n jìbìtì ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi fún lọ́dún 1995, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje, ara owó ọ̀hún ló fi ń tọ́jú ọ̀rẹ́bìnrin. Àwọn United Way kéékèèké tó wà káàkiri ìlú fìbínú dáwọ́ owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́ dúró, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì jẹ púpọ̀ nínú ìyà yẹn. Wounded Warrior Project náà, tó ń tọ́jú sójà tó fara gbọgbẹ́, lé ọ̀gá méjì tó ga jù kúrò lọ́dún 2016 lẹ́yìn táwọn oníròyìn sọ bí wọ́n ṣe ń náwó sí pátì àti hòtẹ́ẹ̀lì. Wayne LaPierre tó lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lórí NRA, ẹgbẹ́ àwọn oníbọn, oṣù kejì ọdún 2024 nilé ẹjọ́ ní New York ní kó dá owó tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là padà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú, àwọn míì ló sábà máa ń bá a ru ú.

Nǹkan tó wú mi lórí lẹ́yìn ti Aramony ni òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1996. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí IRS bá mú ọ̀gá tó ń bu owó fún ara ẹ̀, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì ohun tó lè ṣe ni pé kó gba àṣẹ àìsan owó orí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, ta nìyẹn máa dùn? Àwọn ọmọ tí ẹgbẹ́ yẹn ń bọ́ ni. Òfin tuntun wá ní ọ̀gá fúnra ẹ̀ ni kó san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó gbà kọjá ẹ̀tọ́, tó bá sì kọ̀ tí kò dá owó náà padà, ó di ìlọ́po méjì iye yẹn, ọmọ bọ́ọ̀dù tó mọ̀ pé kò tọ́ tó ṣì fọwọ́ sí i, òun náà á sanwó látinú àpò ara ẹ̀. Tí bọ́ọ̀dù bá fẹ́ kí IRS gbà pé iye tí wọ́n mú tọ́, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn má sí nínú àwọn tó máa dìbò, kí wọ́n rí iye táwọn mìíràn ń san nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi mú iye náà sílẹ̀ lásìkò, kì í ṣe ọdún méjì lẹ́yìn náà tí wàhálà bá dé. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, òwe tí wọ́n sọ di òfin nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin Nàìjíríà ò sọ nǹkan kan nípa èyí, irọ́ ni. CAMA, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀, tí Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹ lọ ka abala 838. Ó ní owó àti ohun ìní ẹgbẹ́ bíi NGO tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni kí wọ́n lò ó fún, kò gbọ́dọ̀ di èrè tí ọmọ ẹgbẹ́ máa pín. Ó gbà kí wọ́n sanwó tó bójú mu fún òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ fi í sí ipò tó ń gbowó oṣù nínú ẹgbẹ́ yẹn, àfi tó bá jẹ́ pé ipò tó wà ló gbé e dé inú ìgbìmọ̀. Ẹ tún un kà. Ẹ wá wo NGO méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹni tó dá a sílẹ̀ ló jẹ́ trustee, ìyẹn ẹni tí wọ́n fa ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, òun náà ló ń jẹ́ ED, ọ̀gá pátápátá tó ń gbowó oṣù, ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀ ni trustee kejì, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni alága bọ́ọ̀dù. Mo ti rí ìwé ìpàdé bọ́ọ̀dù tó jẹ́ pé nídìí tábìlì oúnjẹ ọ̀gá ni wọ́n ti kọ ọ́ lọ́jọ́ Sunday, wọ́n wá kó o fún èmi pé kí n fi í sínú fáìlì fún dónọ̀, ẹni tó ń dáwó fún ẹgbẹ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mi ò sì sọ pé wọ́n jalè o, iye tí ọ̀gá yẹn ń gbà ò tiẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá wù ú kó pọ̀, ta ló máa dá a dúró?

CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ń gba ìròyìn ọdọọdún lọ́wọ́ ẹgbẹ́, SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́, tó wà lábẹ́ EFCC náà ń fẹ́ kí NGO forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, báńkì á sì béèrè ìwé yẹn kó tó ṣí akáǹtì fún yín. Gbogbo ìwé la ń kọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba ni gbogbo ẹ̀ ń lọ, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dáwó. Ẹ lè wá orúkọ ẹgbẹ́ lórí sáìtì CAC kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó wà lóòótọ́, ìyẹn dáa, àmọ́ ẹ ò ní rí iye tí ọ̀gá ń gbà níbẹ̀. Ìgbà kan tó yẹ ká fa ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, a fa ọ̀nà míì ni. Lọ́dún 2016, Financial Reporting Council, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìṣirò owó àti ìṣàkóso ẹgbẹ́, tí Jim Obazee ń darí gbé ìlànà kan jáde pé olórí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, tó fi mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, kò gbọ́dọ̀ ju ogún ọdún lọ lórí ipò. Nígbà tó di January 2017, Pásítọ̀ Adébóyè kéde pé ẹlòmíì á máa ṣe olórí Redeem ní Nàìjíríà, gbogbo Èkó gbóná, láàárín ọjọ́ mélòó kan ìjọba yọ Obazee níṣẹ́, wọ́n sì dá ìlànà náà dúró. Gbogbo ariwo tá a pa nígbà yẹn, orí ọdún mélòó ló dá lé. Mi ò rántí ẹnì kan nínú mọ́tò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí ìwé ìròyìn, tó béèrè nípa owó.

Nǹkan tó tún ń dùn mí ju iye tí ọ̀gá ń gbà lọ ni àlàfo tó wà láàárín òun àti ẹni tó wà nísàlẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2023, CBN fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye ẹ̀ pè, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì, kó tó di ìparí February 2024 ó ti kọjá 1,500. Ní NGO tí wọ́n kọ àdéhùn ọ̀gá ní dọ́là, tí wọ́n kọ ti àwọn tó kù ní náírà, ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹnikẹ́ni ò fowó kún owó ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ló di ìlọ́po mẹ́ta lójú àwọn tó kù. Ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wọ Mákòkó láti lọ wọn àwọn ọmọdé wò, tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ ní Àjẹgúnlẹ̀, fọlọntíà ni wọ́n pè é, owó ọkọ̀ ni wọ́n ń fún un, owó ọkọ̀ yẹn ò sì tó wọ mọ́tò mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Nígbà tí Trump dá owó USAID, àjọ ìrànwọ́ Amẹ́ríkà, dúró ní January 2025, ọ̀pọ̀ NGO ní Nàìjíríà ló dà bí ẹni pé wọ́n pa iná lójijì. Níbì kan tí mo mọ̀, àwọn tó ń lọ sí àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa lọ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, àwọn kan nínú wọn ò tíì gba owó oṣù tó kọjá. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó wà lókè ò dín kọ́bọ̀ nínú tiwọn. Ká ní wọ́n dín in díẹ̀, ó lè gbé àwọn ọmọ yẹn dé oṣù kan tàbí méjì sí i kí wọ́n fi wáṣẹ́ míì. Owó oṣù wà níwájú wọn lórí tábìlì, wọ́n mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Mo ti bá ọ̀gá tiwa sọ ọ́ pé ká máa tẹ̀ ẹ́ síta, ká kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa: iye tí ọ̀gá gbà, iye tí ẹni tó kéré jù gbà, orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i. Ẹni rere lọ̀gá wa, ó gbọ́ mi délẹ̀, àmọ́ ó ní, "Ṣó o fẹ́ káwọn ajínigbé wá gbé mi ni?" Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ́gbọ́n dání. Nílùú tí wọ́n ti ń gbé èèyàn lójú ọ̀nà, tí gbogbo ẹbí á tún máa fi oríṣiríṣi ìṣòro wọn pè ọ́ tí wọ́n bá ti mọ iye tó ń wọlé fún ọ, kì í ṣe nǹkan kékeré láti kọ iye owó ẹni síta. Mo wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú Ọba hàn án. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ibẹ̀ máa ń kọ ọ́ ní ìpele, pé òṣìṣẹ́ mélòó ló ń gba ju £60,000 lọ, mélòó ló wà láàárín 70 sí 80, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyẹn dáa, pé kí n kọ ọ́ wá fún bọ́ọ̀dù. Mo ti kọ ọ́. Tẹ́nì kan bá sì ní kò ṣeé ṣe láti fi owó hàn ní Nàìjíríà, kó rántí àwọn ọmọbìnrin Feminist Coalition lásìkò EndSARS lóṣù kẹwàá 2020, àárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 147 náírà jọ, wọ́n sì ń gbé e síta lórí Twitter pé èyí wọlé, èyí jáde, ohun tá a fi ṣe nìyí, nígbà tí ìjọba ń lé wọn kiri gan-an. Wọn ò ní orílé-iṣẹ́, wọn ò ní kọnsọ́táǹtì.

Àǹtí mi kan tó ń ta léèsì ní Balógun máa ń fowó ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ẹgbẹ́ kan tó ń san owó ilé ìwé fáwọn ọmọ aláìlóbìí. Mo yà sí ṣóòbù ẹ̀ láìpẹ́ yìí, ó ní:

"Ìwọ tó o wà láàárín wọn, ṣé owó mi ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn ṣá?"

"Àǹtí, mi ò lè bá wọn dáhùn. Ẹ bi wọ́n."

"Kí n bi wọ́n pé kí ni? Kí wọ́n má lọ rò pé mò ń fẹ̀sùn kàn wọ́n."

"Ẹ ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, owó yín ni. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ọ́díìtì tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n ní iye tí ọ̀gá ń gbà àti iye tí ẹni tó kéré jù ń gbà. Ẹ ní ta ló wà nínú bọ́ọ̀dù, ta ni ìyàwó, ta ni àbúrò. Ẹ ní ṣé ọ̀gá wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó ẹ̀."

Ó gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Tún èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ."

Ọmọ tó ń bá a tajà ló tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp, ó ránṣẹ́ kí n tó kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáhùn, wọ́n pè é ní Màmá wa, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì fi fọ́tò àwọn ọmọ nínú yúnífọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Kò sí iye kankan nínú ẹ̀. Àǹtí ní kí ọmọ náà kọ ọ́ pé fọ́tò yẹn dára gan-an, òun ń retí ìwé. Wọ́n ní alága bọ́ọ̀dù á pè é. Ó sọ fún mi lórí fóònù lánàá pé kò tíì pè, pé tí September bá dé tí ilé ìwé fẹ́ wọlé, òun á bi wọ́n ní orúkọ ilé ìwé ọmọ méjì nínú wọn, òun á lọ san án fún hẹ́dímásítà níbẹ̀ fúnra òun, títí tí wọ́n á fi rí ìwé yẹn mú wá.